Ọgọ́rùn-ún Ebè Inú Ìwé

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní òun gbin igba, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún iṣu tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Àgbẹ̀ òpùrọ́ ni wọ́n fi òwe náà bá wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá wo bí a ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ iléèwé nílẹ̀ Yorùbá lónìí, àwa òbí àti olùkọ́ gan-an ló ń bá wí. Ọmọ á kọ oríṣiríṣi ilẹ̀ sínú ìwé, á ya àwòrán ọkọ́ àti àdá, á há orúkọ àwọn kòkòrò tó ń ba irè oko jẹ́ sórí, á sì gba máàkì tó dára. Ẹ wá bu irúgbìn ewédú sí i lọ́wọ́, kò mọ ohun tó jẹ́. Ebè pọ̀ nínú ìwé rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó ta iṣu.

Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà ìjìyà nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń fọwọ́ kan ọkọ́ ní iléèwé. Ẹni tó pẹ́ dé, kó lọ gé koríko. Ẹni tó pariwo ní kíláàsì, kó lọ ro ìdí ẹ̀gẹ́. Ọmọ tí a fi oko jẹ níyà láti kíláàsì kìíní títí dé kẹfà, báwo la ṣe fẹ́ kó ka àgbẹ̀ sí èèyàn pàtàkì? Ẹ̀yin olùkọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ìbáwí mìíràn. Oko kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Àwọn iléèwé tiwa yìí gan-an jẹ àgbẹ̀ ní gbèsè: ní oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó kòkó wà lára ohun tó gbé ètò náà ró. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó fọ́ kòkó yẹn kò mọ̀wé kà.

Kí ni ká wá ṣe? Ẹ fún àwọn ọmọ ní ilẹ̀ tí wọ́n lè pè ní tiwọn, ì báà kéré. Mítà 3 ní gígùn, mítà 3 ní ìbú, ó tó fún ọmọ mẹ́rin. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 75 sáàárín poro kan sí èkejì, tí wọ́n sì fi 25 sáàárín ihò kan sí èkejì, poro 4 ni wọn yóò ní, ihò 12 lórí poro kọ̀ọ̀kan, àgbàdo 48. Bí 40 péré bá hù, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò iye tó hù nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n sì wádìí ohun tó ṣe àwọn tí kò hù. Ìṣirò nìyẹn, sáyẹ́ǹsì sì ni pẹ̀lú.

Ẹ fi òjò àti sáà iléèwé wéra kí ẹ tó yan ohun tí ẹ ó gbìn. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ewédú sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n gbìn nígbà tí sáà kẹta ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, wọ́n lè jẹ tútù rẹ̀ kí wọ́n tó gba ọlidé. Iléèwé tí kò nílẹ̀ ní Èkó lè lo àpò ìrẹsì tàbí ike ọ̀dà tí wọ́n dá ihò sí nídìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kékeré mú àdá, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan sún mọ́ oògùn apakòkòrò.

Ẹ̀gẹ́ kò bá sáà kan mu, nítorí ó ń lò tó oṣù mẹ́sàn-án sí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹ gbìn ín. Kí àwọn tó gbìn ín ní kíláàsì kan wá wà á ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ náà, ẹ ké sí ìyá kan tó ń yan gààrí ládùúgbò kó wá ṣe olùkọ́. Kí àwọn ọmọ bó ẹ̀gẹ́, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ, kí wọ́n dì í sínú àpò, kí wọ́n gbé òkúta lé e, kí wọ́n dúró de ọjọ́ tí omi rẹ̀ yóò gbẹ, kí wọ́n sẹ́ ẹ, kí wọ́n wo bí ìyá náà ṣe ń yan án nídìí iná. Olùkọ́ kẹ́mísírì á wá ṣàlàyé fún wọn pé májèlé sáyánáìdì máa ń jáde lára ẹ̀gẹ́, pé lílọ̀, fífún àti yíyan yìí ló ń lé e kúrò. Ọmọ tó bá rí gbogbo èyí kò ní da gààrí nù mọ́.

Lẹ́yìn oko, ẹ mú wọn lọ sọ́jà. Kí wọ́n béèrè ibi tí ẹrù ti wá. Àlùbọ́sà láti Sókótó àti Kébbí, tòmátì láti Kánò àti Kàdúná, àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, òkè òkun ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ní ọdún 2016, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì ní Kàdúná, owó tòmátì sì fò sókè ní Èkó. Ọmọ tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé ohun tó bá ṣe àgbẹ̀ tí òun kò rí rí lè mú kí ọbẹ̀ ilé àwọn ṣàn.

Ọ̀rọ̀ irè oko ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ iléèwé sì ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ọmọ á ro, wọ́n á gbìn, nígbà ìkórè àwọn olùkọ́ á pín in. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n se àgbàdo náà ní iléèwé kí gbogbo wọn jẹ ẹ́. Bí ẹ bá ta lára rẹ̀, ẹ kọ iye owó náà sára bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ fúnra wọn sì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà sí oko wọn.

Ẹ̀yin òbí, bí ìpàdé òbí àti olùkọ́ bá tún wáyé, ẹ béèrè ibi tí oko àwọn ọmọ wà, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín fúnra rẹ̀ mú yín lọ wò ó.