Bí Iṣẹ́ Bá Bọ́ Lọ́wọ́ Ẹni Lójijì



Ẹ̀yin ará wa nínú Islam, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń tajà níbẹ̀ fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀ wálé.

Irú rẹ̀ ti dé bá sàábé rí. Abdur-Rahman ọmọ Awf fi dúkìá rẹ̀ sílẹ̀ ní Mẹ́kà, ó dé Madina. Sa'd ọmọ Rabi' fi ìdajì ọrọ̀ rẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó ṣàdúà fún un, ó ní kí wọ́n kúkú júwe ọjà fún òun. Wàrà gbígbẹ àti bọ́tà ni ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò.

A máa ń yìn ín pé kò gbowó, ṣùgbọ́n a kì í rántí pé ó béèrè. Ẹlòmíràn nínú wa, bí wọ́n bá dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, á ṣì máa múra jáde láàárọ̀ kí ará ilé má baà fura. Ìtìjú yẹn ń jẹ oṣù tí ó yẹ kí ó fi wáṣẹ́. Bí a kò bá tilẹ̀ ní ìdajì ọrọ̀ láti fún un, a mọ ẹni tí ń wá òṣìṣẹ́, a sì ní ilẹ̀ tí a kò dá. Kí ó dúró dè wá lẹ́yìn ìrun yìí.