Ìpele àti Yúnìtì: Bí A Ṣe Ń Wọn Ẹ̀kọ́ Wa

Ọ̀ràn kan wà tí ó máa ń da ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa láàmú nígbà tí a bá ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì. Àwọn kan rò pé kọ́ọ̀sì ìpele 300 wúwo ju ti ìpele 100 lọ nínú ìṣirò, àti pé ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ní ọdún kẹta yóò fi bo àìṣedéédéé ọdún kìn-ín-ní mọ́lẹ̀. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti pa ẹlòmíràn lára. Nítorí náà ni a ṣe rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀ràn náà bí ó ti yé wa mọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọjà Ìkòtún, nítorí ọmọ Alímọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wa. Obìnrin tí ń ta gààrí níbẹ̀ ní kóńgò kan. Òun ni ó fi ń wọn gààrí Ìjẹ̀bú, òun náà ni ó fi ń wọn gààrí pupa. Bí ẹ bá sì ní ẹ̀wà ni ẹ fẹ́ rà, kò ní lọ wá kóńgò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yúnìtì rí. Àkókò ni ó ń wọ̀n, kì í ṣe ìjìnlẹ̀. Bí olùkọ́ bá ń kọ́ wa fún wákàtí kan lọ́sẹ̀, títí sáà yóò fi parí, yúnìtì kan nìyẹn. Bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, a ti gba wákàtí 15. Iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, irú èyí tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń ṣe, máa ń gbà tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ kí a tó kà á sí yúnìtì kan.

Ìpele ní tirẹ̀ ni ó ń sọ irú ohun tí ó wà nínú kóńgò. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ lára kọ́ọ̀sì ni a fi ń mọ̀ ọ́n: èyí tí ó bá fi 1 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ọdún kìn-ín-ní, èyí tí ó bá fi 3 bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ti ọdún kẹta. Ti ìsàlẹ̀ ni ìpìlẹ̀. Ti òkè gbà pé a ti mọ ti ìsàlẹ̀ ná, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì ṣeé wọ̀ rárá bí a kò bá tíì yege nínú èyí tí ó ṣáájú wọn.

Nísinsìnyí, ẹ wo ìṣirò. A jẹ́ 5, B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. A ó sọ iye yìí di púpọ̀ pẹ̀lú yúnìtì kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a ó sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Kò sí ibi tí ìpele ti wọ inú rẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe yúnìtì 40 lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta, tí ó gba D nínú gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún kìn-ín-ní, tí ó wá jí gìrì, tí ó sì gba B títí dé òpin. Ọdún kìn-ín-ní fún un ní 80, ọdún méjì ìyókù fún un ní 320. Pín 400 sí ọ̀nà 120, 3.33 ni yóò rí. Bí ó bá jẹ́ pé C péré ni ó gbà ní ọdún kìn-ín-ní, ìbá ní 3.67. Láàárín iye méjèèjì yìí ni 3.50 wà, èyí tí í ṣe ẹnu ọ̀nà ipò Kírẹ́díìtì ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni nìkan ni a lè sọ pé ó wúwo lọ́tọ̀. Yúnìtì 6 ni NCCE, ìgbìmọ̀ ìjọba tí a dá sílẹ̀ ní 1989 láti máa ṣe àbójútó kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, fi fún un. Síbẹ̀ àkókò náà ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jí ní ìdájí ní Ẹgbẹ́dá láti lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní Ìgándò yóò jẹ́rìí pé mẹ́fà náà kò pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ni ó bí yúnìtì, ó sì pa wá lẹ́rìn-ín nígbà tí a kà á. Ní 1905, Andrew Carnegie ya owó sọ́tọ̀ ní Amẹ́ríkà fún ìfẹ̀yìntì àwọn olùkọ́ yunifásítì. Àwọn tí ń bójú tó owó náà ní láti mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi wákàtí ẹ̀kọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí wọ́n tó wọlé ṣe òṣùwọ̀n. Nǹkan bí wákàtí 120 ni wọ́n kà sí yúnìtì kan nígbà náà.

Àwọn bàbá wa kò mọ èyí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba Gíréèdì Tírì. Wọn a lọ ṣe tíṣà fún ìgbà díẹ̀, wọn a sì padà wá fi ọdún méjì mìíràn gba Gíréèdì Túù. Ìdánwò ìkẹyìn ni ó ń ṣe ìdájọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń dun àwọn ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá gba NCE lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tí ó sì gba ọ̀nà Dáírẹ́ẹ̀tì Ẹ́ńtírì wọ yunifásítì, ìpele 200 ni yóò máa ń bá ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ LASU tí ọ̀nà rẹ̀ gba Ìgándò kọjá ni ó lọ. Ìpele 300 ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe ìpele 300 ti yunifásítì. Ní tiwa, a kò kà á sí ìrẹ́jẹ pátápátá, nítorí ọgbọ́n à ń kọ́ ọmọdé ni a fi púpọ̀ nínú àkókò wa kọ́. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí a kò kà fún ènìyàn kì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí òbí rẹ̀ ń tiraka kí ó tó rí owó san.

Ọ̀kan nínú wa fi ojú kékeré wo kọ́ọ̀sì oníyúnìtì kan ní ìpele 100, kò sì yege. Ó sọ pé yúnìtì kan kò lè ṣe nǹkan kan. Ó ti parí gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún kẹta rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n wọn kò lè fún un ní ìwé-ẹ̀rí. Ní gbogbo àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń jókòó ní ìjókòó ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní, tí wọ́n ń pè é ní bọ̀ọ̀dá.