Ẹ Wo Àpò Owó Kí Ẹ Tó Gbé Ẹrù Sílẹ̀
Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn àlòkù lórí Facebook àti WhatsApp, àtẹ̀jíṣẹ́ pé owó ti wọlé kì í ṣe owó o. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ ọ̀rọ̀ tó jọ ti MTN MoMo tàbí Moov Money ránṣẹ́. Ohun tí kò lè ṣe ni kí owó tí kò san wọ àpò owó orí fóònù yín. Ẹ fi ojú ara yín wo iye tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù fún awakọ̀ tó ń lọ Kútọnù. Ọ̀nà náà ju 200 kìlómítà lọ; ẹrù tó bá ti lọ kò ṣeé lé bá.

Ẹ lè sọ pé oníbàárà yóò bínú lọ bí ẹ bá ń falẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sanwó lóòótọ́ kò pàdánù ohunkóhun ní ìṣẹ́jú méjì. Oníjìbìtì ni ìkánjú ń ṣe láǹfààní. Bí ẹnìkan bá ní òun ṣèèṣì san owó lé, tó sì ní kí ẹ dá a padà, ẹ tún àpò wò. Nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín ńkọ́? Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ láti fi owó ránṣẹ́ sí yín. Bí wọ́n bá sì ti lù yín ní jìbìtì, ẹ má ṣe pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ gbé e tọ ọlọ́pàá lọ: Code du numérique, òfin Bẹ̀nẹ̀ ti 2018, ka jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀ṣẹ̀.