Fà Mọ́ Mi Níbí, Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi

Ìwọ ọmọ yìí, gbé ìwé yẹn sílẹ̀ ná, kí o fà mọ́ mi níbí. Láti ìgbà tí o ti wọlé ni mo ti ń gbọ́ tí o ń ka àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì ní àkàtúnkà, “beat about the bush”, “let the cat out of the bag”, bí ìgbà tí àwọn Àgùdà bá ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Mo ní kí o mú ọ̀kan nínú wọn kí o fi sọ̀rọ̀ fún mi. Kí lo sọ? O ní bàbá àgbà àdúgbò wa tó papò dà “kicked the bucket”. Háà! Ọmọ Ìjerò wo ni yóò la ẹnu rẹ̀ pé Ajerò, ọba wa, kú? Ọba máa ń wàjà ni, àgbàlagbà a sì papò dà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni “kicked the bucket”. “Passed away” ni wọ́n ń sọ létí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìtumọ̀ nìkan lo kọ sínú ìwé rẹ. O kò kọ ẹni tó lè sọ ọ́, o kò kọ ẹni tí wọ́n lè sọ ọ́ fún.

Mo ti wo àròkọ rẹ tí olùkọ́ fi bírò pupa ya kiri. “We discussed about it.” “Our furnitures.” “My father said they are coming.” Mo mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn yẹn ti wá. O kò lè pe bàbá rẹ ní “ó”, “wọ́n” ni a kọ́ ọ nílé, inú mi sì dùn pé o gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n Òyìnbó kì í fi “they” bu ọlá fún bàbá ẹni. “He” ni wọ́n ń pè é, ì báà jẹ́ ọba. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan náà, o tún kọ “my mother, he”. Mi ò ní pè ọ́ ní olódo nítorí ìyẹn, torí “ó” kan náà la ní fún ọkùnrin, fún obìnrin, àti fún ewúrẹ́. Gẹ̀ẹ́sì pín in sí mẹ́ta. Ibi tí èdè méjèèjì ti yà fún ara wọn ni àṣìṣe máa ń ba sí, ibẹ̀ ni kí o sì máa ṣọ́. Lẹ́tà h náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwa tí a ń sọ Yorùbá máa ń yọ ọ́ níbi tó wà, a ó sì lọ gbé e síbi tí kò sí, tí “house” yóò fi di “ouse”, tí “egg” yóò fi di “hegg”. Máa kà á sókè, kí etí rẹ lè gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ ń ṣe.

Má sọ fún mi pé àṣìṣe kékeré ni. Máàkì 50 ni WAEC ń fún àròkọ: 10 fún kókó ọ̀rọ̀, 10 fún ètò rẹ̀, 20 fún bí o ṣe lo èdè, 10 yòókù fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Ìdajì máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan nínú 10 yẹn. Àṣìṣe 20 péré, ó tán! Ní ti JAMB, nínú ìbéèrè 180 tí wọ́n máa bi ọ́, 60 ni ti Use of English, 40 sì ni ti iṣẹ́ mẹ́ta yòókù níkọ̀ọ̀kan. Ìwọ tí o ní nọ́ọ̀sì lo fẹ́ ṣe, ibo lo fẹ́ gbà yẹ̀ ẹ́? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ní Àrámọ̀kọ tí wọ́n ń dúró de ẹ̀spó, ìdáhùn ìdánwò tí wọ́n jí, lórí fóònù, jọ̀wọ́, jìnnà sí wọn. Ọmọ ẹni tó gbọ́n ni ọ́.

Èyí tó wá ń ká mi lára jù ni pé o ti ń sá fún Yorùbá. O ní Yorùbá ló ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ jẹ́. Irọ́ ni, ọmọ mi! Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù fún ọdún 6 gbáko. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, olùkọ́ tó gbọ́ ọ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, wọn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹni tó bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọdé nítorí pé ó sọ Yorùbá ní kíláàsì, kò kọ́ ọmọ náà ní Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹ̀rù ló dá bà á.

Ẹ̀rù yẹn náà ló mú ọ máa kọ “as white as snow” kiri. Níbo lo ti rí snow ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì? Ìkógòsì wà nítòsí wa, tí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, tí àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. O ti débẹ̀, o ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kọ ìyẹn. Nígbà tí o bá ń kọ ọ́ ni wàá mọ̀ pé “hot” kọ́ ni “warm”, “warm” kọ́ sì ni “lukewarm”, ara rẹ ló máa kọ́ ọ ní ìyàtọ̀ wọn.

Ó yá, mú ìwé tuntun kan. Má kọ àkànlò èdè kankan sínú rẹ̀. Àṣìṣe tìrẹ ni kí o kọ, kí o kọ èyí tó tọ̀nà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣe àpẹẹrẹ méjì sí abẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n tí ẹ jọ ń kàwé yẹn, mú un wá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, kí ẹ gba ìwé ara yín yẹ̀ wò. Ẹ̀bà àti ẹ̀fọ́ yóò wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àròkọ Ìkógòsì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ yín kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan oúnjẹ.