Ojú Lọ̀rọ̀ Wà

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò kan ọmọ tí cerebral palsy, àìlera ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara ṣe bí a ṣe fẹ́, dè lẹ́nu. Àwọn àgbà kan náà ló kúkú ní ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àwọn kan a ní, “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná, ká tó sọ ti ìwé.” Ìdúró yìí ló ń pa ọmọ náà lára. Christy Brown, ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1932, tí òun náà ní cerebral palsy, kò lè sọ̀rọ̀ já gaara. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ló fi gba ṣọ́ọ̀kì láti kọ nǹkan. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní lẹ́tà nílé, ó sì di òǹkọ̀wé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àlọ́. Àlọ́ ìjàpá ní orin, orin ní ègbè. Ègbè ni tọmọ. Ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù pẹ̀lú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó máa tẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá kàn án, ì báà jẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ló fi tẹ̀ ẹ́. Tó bá di ìwé, ẹ gbé méjì síwájú rẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra. Èyí tó bá tẹjú mọ́ ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ ṣáà ní sùúrù o! Ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ọkàn yín, torí ara rẹ̀ kì í tètè jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán an.

Ẹ ya àwòrán ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ sórí páálí: mo fẹ́, tún un ṣe, ó tó, mi ò fẹ́. (Àwọn kan máa ń yọ “mi ò fẹ́” kúrò, wọ́n ní àrífín ni. Ọmọ tí kò ráyè kọ nǹkan á kúkú fi igbe kọ̀ ọ́.) Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa nàka sí wọn bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ta ló bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ lónìí tó ní kó fèsì lọ́la?

Lẹ́tà Yorùbá 25 ni kẹ́ ẹ kọ fún un, gb àti ṣ pẹ̀lú. Ẹ máa fìka tọ̀ wọ́n lọ, kó ṣẹ́jú níbi tó bá wù ú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá yan k, ọ, k, f, ẹ má bá a wí: jágajàga tí ọmọ mìíràn ń kọ sára ògiri nìyẹn. Ẹ wá lẹ́tà orúkọ rẹ̀ níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn án.

Kẹ́ ẹ tó ní kò mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò lọ́sibítù. Ibà pọ́njú ọmọ tuntun tó lè fa cerebral palsy lè ba etí jẹ́ pẹ̀lú.