Ẹ̀kọ́ Wa: Bí Àyà Bá Ń Já, Ẹ Bi Í Pé Kí Ló Ń Fẹ́

 

Ọ̀rọ̀ àníyàn ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí. Bí ẹnìkan bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, kíá la ó ti sọ pé, "Fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Ó dáa, mo fi sílẹ̀ fún Un. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ẹ̀wà ni mò ń tà. Ní oṣù kejì ọdún 2023, ẹ rántí bí owó bébà ṣe wọ́n gógó nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ náírà. Fóònù ni gbogbo èèyàn fi ń sanwó. Ọmọkùnrin kan dé, ó múra dáadáa, Mọ́mì ló ń pè mí. Ó ra àpò ẹ̀wà mẹ́ta, ó na fóònù rẹ̀ sí mi pé owó ti wọlé. Fóònù tèmi kò dún. Àyà mi já, ọwọ́ mi tutù, ara fu mí. Ṣùgbọ́n ojú tì mí. Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni, àbí èmi àgbàlagbà ni máa pe ọmọ ọlọ́mọ lólè? Alábàárù gbé ẹrù fún un. Owó yẹn kò dé títí dòní. Owó àjọ ni mo fi ra ẹ̀wà ọ̀hún, oṣù mẹ́rin ni mo fi san án tán.

Látìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè. Wọ́n ní bí ọpọlọ bá rí ohun tó jọ ewu, ó máa ń ránṣẹ́ sí ara. Nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní adrenaline á tú sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa lù kìkìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀ àti apá, èémí á yá, ojú á là. Ẹ̀jẹ̀ tó kúrò lára awọ lọ síbi iṣẹ́ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ tutù. Kì í ṣe àìsàn. Ara ń múra ni.

Ní ọdún 1908, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà méjì, Yerkes àti Dodson, fi iná mànàmáná ta eku láti fi kọ́ wọn ní ọ̀nà tó yẹ kí wọ́n gbà. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà le, èyí tí iná rẹ̀ kéré jù kò tètè mọ̀ ọ́n, èyí tí iná rẹ̀ pọ̀ jù náà kò tètè mọ̀ ọ́n. Èyí tó wà láàárín ló yára. Bí ata inú ọbẹ̀ ni, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ìyá kan wà ní láìnì wa tó máa ń padà lójú ọ̀nà ilé lọ wò ó bóyá òun pa jẹnẹrétọ̀. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, bí ọkàn mi bá dìde, mo máa ń bi í pé, "Kí lo fẹ́ kí n ṣe?" Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ ló jí mi lóru, mo máa ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo pín in sí iye ọjọ́ ọjà tó kù, mo sì padà sùn. Àmọ́ àníyàn tí kò níṣẹ́ kankan tó fẹ́ ká ṣe, tó gba oorun àti oúnjẹ lọ́wọ́ èèyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ra oògùn oorun lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri o.

Ní ti àwọn tó ń fi fóònù sanwó, ẹrù kan kì í kúrò níwájú mi mọ́ tí n kò bá tíì rí owó nínú àkáǹtì tèmi. Oníbàárà kan bínú sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní mò ń fojú olè wo òun, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó padà wá ra àpò méjì.