Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìmọ̀ràn fún Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Adití

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó já lé olùkọ́ àwọn ọmọ adití léjìká ni kí ó fún ọmọ ní èdè. Ìwé kíkà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ yòókù, ẹ̀yìn èdè ni wọ́n ń tò sí. Nínú ọmọ adití mẹ́wàá, ó lé ní mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé bàbá àti ìyá wọn ń gbọ́ràn, tó sì sábà máa ń jẹ́ pé ẹnikẹ́ni nílé kò mọ èdè ọwọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè pé ọdún méje kó tó dé iwájú tíṣà, kó má mọ orúkọ ara rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Èdè ni kò rí gbà. Olùkọ́ tó bá fojú òmùgọ̀ wò ó ti ṣìnà láti ọjọ́ kìn-ín-ní, èyí tó bá sì ń pè é ní “odi” níwájú àwọn òbí rẹ̀ ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Èdè ọwọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò ní Nàìjíríà ní orírun. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, di adití ní ọmọ ọdún 11 nígbà tí àrùn yírùnyírùn kọlù ú. Ní 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú adití àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní Gallaudet, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití ní Amẹ́ríkà. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ló mú wá. Orí rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń lò níbí dúró lé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn adití wa ti fi àmì tiwọn kún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ tuntun kì í kíyè sí nínú ìtàn yìí ni pé adití ló wá kọ́ àwọn adití. Ìwé ẹ̀rí láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ àkànṣe ti Ọ̀yọ́ dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í jókòó ti àwọn àgbà adití, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti níbi ìpàdé wọn, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa kólòlò títí.

Ojú pàápàá wà nínú èdè yìí. Ìbéèrè tó gba “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” ń fẹ́ kí olùkọ́ gbé irun ojú sókè. Èyí tó ń béèrè “ta ni” tàbí “kí ni” ń fẹ́ kó fajú ro díẹ̀. Bí ojú kò bá yí padà, ọmọ kò ní mọ̀ pé ìbéèrè ni wọ́n bi òun. Nítorí náà, olùkọ́ kì í fẹ̀yìn ti fèrèsé, torí òkùnkùn ni ojú rẹ̀ yóò jẹ́ fún gbogbo kíláàsì. Kí wọ́n to àga àwọn ọmọ ní ààbọ̀ òbìrí tó kọjú síwájú, kí oníkálukú lè rí ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń kọ̀wé sí pátákó kì í sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kan náà: á kọ ọ́ tán, á yíjú padà, kó tó fọwọ́ sọ ọ́. Bó bá fẹ́ pè wọ́n, á pa iná, á tún un tàn.

Àwọn kan ṣì rò pé kíka ètè nìkan ti tó fún ọmọ adití. Ìpàdé àwọn olùkọ́ adití tó wáyé ní Milan ní 1880 gbé irú èrò yìí ga, ó sì lé èdè ọwọ́ kúrò ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ fún ìran mélòó kan. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i: ètè tó pe “bàbá” kò yàtọ̀ sí èyí tó pe “màmá”, ohùn tó sì ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ kì í hàn lẹ́nu rárá.

Ti ọmọ tí etí rẹ̀ wúwo yàtọ̀. Ó lè jàǹfààní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, bí ẹnì kan bá ń tọ́jú ẹ̀rọ náà. Láràárọ̀, kí olùkọ́ dúró sẹ́yìn ọmọ, kó pe ìró mẹ́fà lọ́kọ̀ọ̀kan: aa, uu, ii, mm, ss, ṣṣ. Ọmọ á nawọ́ sókè bó bá ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fò lè fi hàn pé bátìrì ti ń kú, tàbí pé etí ń ṣọyún, ilé ìwòsàn sì ni ọ̀rọ̀ kàn. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ̀rọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Ìgbà náà ni kí olùkọ́ fọwọ́ sọ̀rọ̀.

Ìwé kíkà ni ibi tó ti máa ń rẹ ọ̀pọ̀ ọmọ, torí èdè Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé jìnnà sí ohun tí ọmọ mọ̀. Kí olùkọ́ kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yan gààrì. Wọ́n á rí i bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, bí omi ṣe ń jò lára àpò tí wọ́n gbé òkúta lé, bí èéfín ṣe ń ta wọ́n lójú. Nígbà tí wọ́n bá padà, oníkálukú á fọwọ́ sọ ohun tó rí, olùkọ́ á sì kọ ọ́ sí pátákó bó ṣe ń sọ ọ́. Ohun tó jáde lọ́wọ́ wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ kà. Ó ń gba àkókò, ó sì lè mú kí olùkọ́ gbẹ́yìn nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ti táàmù náà; kó gbẹ́yìn.

Ní gírámà, àwọn adití àti àwọn tó ń gbọ́ràn sábà máa ń jókòó pọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Methodist Grammar School, Bódìjà, àti Ijokodo High School, n'Ìbàdàn. Ògbufọ̀ ló ń so wọ́n pọ̀. Ọmọ ni kí tíṣà ẹ̀kọ́ wò nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ògbufọ̀, kó sì fún ògbufọ̀ ní àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ ṣáájú. Òfin 2018 tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019, fún wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé gírámà. Ṣùgbọ́n ọmọ adití tó jókòó sí kíláàsì tí kò ní ògbufọ̀, ara rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ kí táàmù tó wọlé, kó béèrè ògbufọ̀, kó sì tún un kọ bí wọn kò bá dáhùn.